Sìgá ńlá méjì láti inú páálí kan náà, adùn wọn ò jọra: ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Ìgbógbó · Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Bàbá ìyàwó mi á pé ẹni 70 ọdún nínú oṣù Kejìlá, èmi ni wọ́n sì ní kí n bá wọn wá sìgá ńlá tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wọn máa fà lẹ́yìn àsè. Cigar ni mo ń wí o, kì í ṣe sìgá tí wọ́n ń tà lẹ́yọ lẹ́yọ ní gáréèjì. Àwọn àgbà náà ò ju 12 lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ nǹkan wà nínú wọn, mi ò fẹ́ gbé ohun tí ò dáa síwájú wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun fi páálí kan ránṣẹ́, ẹyọ 10 ló wà nínú ẹ̀, Dominican Republic ni wọ́n ti ká a. Ó ní kí n tọ́ ọ wò, pé bó bá dáa òun á ra páálí mẹ́ta sí i.

Mo fa àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tó dé gan-an, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn nìyẹn. Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ó ń ta sánsán bíi kòkó tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, èéfín ẹ̀ sì tutù lọ́fun. Alẹ́ àná ni mo fa èkejì nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mi ò tíì jẹun. Háà! Ó korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kú mọ́ mi lọ́wọ́, ewé ìta ẹ̀ sì là dé àárín. Kí n tó fà á dé ìdajì, òòyì ti ń kọ́ mi, òógùn tútù ti bò mí. Mo sọ ọ́ nù.

Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mi ni páálí náà wà láti ọjọ́ yìí. Mo wo fídíò kan tó ní cigar ò gbọdọ̀ gbẹ, ni mo bá ki fóòmù kékeré tí mo rẹ sómi sínú ẹ̀.

Ṣé wọ́n lú ayédèrú mọ́ ọn ni? Àbí ahọ́n mi ló yí padà? Kí ni àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń wò kí wọ́n tó ní ọ̀kan dáa, ọ̀kan ò dáa?

Ọlọ́jà Sábó · Ọjọ́ Àìkú, 9:05 alẹ́

Ayédèrú ni wọ́n lú mọ́ ọn. Mo ń ta ọtí àti cigar ní Sábó níbí, Ìkòròdú, mo máa ń rí irú ẹ̀. Ẹ ra ti Kúbà, kò sí èyí tó tó o. Kẹ́ ẹ sì mú èyí tó dúdú, torí èyí tó dúdú ló lágbára, òun làwọn àgbà sì ń fẹ́. Mo ní Cohiba, orúkọ cigar Kúbà kan, nílẹ̀, àpótí tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ìdérí ẹ̀. Èyí tó kù lọ́wọ́ yín, ẹ sá a sóòrùn fún wákàtí méjì, á gbẹ.

Alàgbà Ìpakodò · Ọjọ́ Àìkú, 10:22 alẹ́

Ọmọ Ìgbógbó, ẹ má sá nǹkan kan sóòrùn o! Ẹ fi orúkọ Ọlọ́run gbọ́ mi. Bí oòrùn bá pa á, ìta á gbẹ kí inú tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, ewé ìta á fọ́ wẹ́wẹ́, òróró tó ń fún un ládùn á sì ti lọ.

Kì í ṣe ayédèrú. Omi lẹ fún un mu yó.

Ọdún 21 ni mo fi se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun kí n tó wá jókòó sí Ìpakodò níbí, ibẹ̀ ni mo ti mọ cigar. Ohun tí fídíò yẹn sọ, àwọn tó ń gbé níbi tí òtútù wà ló ń bá wí, níbi tí ẹ̀rọ amúlégbóná ti ń fa omi inú afẹ́fẹ́ gbẹ. Àwa tí ọ̀sà wà lẹ́yìnkùlé wa ńkọ́? Lóṣù Keje níhìn-ín, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń kọjá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. 65 sí 70 ni cigar ń fẹ́. Omi wo lẹ tún ń bù kún un? Ẹ wo gàrí tí wọ́n gbàgbé láti dé ìkòkò ẹ̀ lásìkò òjò. Bó ṣe ń fa omi tó sì ń dì, bẹ́ẹ̀ ni ewé tábà ń ṣe.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ewé inú cigar pín sí. Ewé inú ló pọ̀ jù, ewé kan dì í mọ́ra, ewé ìta tó rẹwà, tó fẹ́lẹ́, ló wá bò ó. Tí omi bá pọ̀, ewé inú á wú, ewé ìta ò lè nà bẹ́ẹ̀, ó là nìyẹn. Èéfín ò ní rọ́nà gbà. Ẹ̀yin á wá máa fà á tagbára-tagbára, iná á kú, ẹ̀ ẹ́ tún tàn án, ẹ̀ ẹ́ tún fà á kíkankíkan, ó ti gbóná ju bó ṣe yẹ nìyẹn. Ooru yẹn ló di kíkorò lẹ́nu yín. Ti òòyì, nikotíìnì inú tábà ni, ẹ fà á léraléra lórí ikùn òfìfo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó ń ká a máa ń pe ibi tí a ń fi ẹnu sí ní orí, wọ́n sì ń pe ibi tí iná ń wà ní ẹsẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kejì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ẹsẹ̀ dé orí. Ó yẹ kó wọlé díẹ̀ kó sì padà, bí ẹran àtẹ́lẹwọ́ tó wà nísàlẹ̀ àtàǹpàkò yín. Tó bá le gbandi níbì kan, wọ́n ki ewé jù síbẹ̀. Tó bá rọ̀ pọ̀tọ̀, àlàfo wà nínú ẹ̀. Ẹ má gbé e sétí máa yí i bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú fíìmù, ewé ìta lẹ fi ń ṣòfò.

Tẹ́ ẹ bá gé e lórí, fìlà kékeré tó wà níbẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ gé, bíi mìlímítà méjì. Ẹ má fi eyín gé e. Kẹ́ ẹ tó tanná, ẹ fà á bẹ́ẹ̀ lásán. Ó yẹ kó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ fi sítírọ́ọ̀ mu ògì tí ò ki. Adùn àkọ́kọ́ ti máa ń hàn níbẹ̀, mo sì gbẹ́kẹ̀ lé ìfà àìtanná yìí ju òrùka bébà tó wà lára ẹ̀ lọ.

Iná: láítà tó ń lo gáàsì ni kẹ́ ẹ lò. Èyí tó ń lo epo á ba adùn ẹ̀ jẹ́. Tó bá jẹ́ ìṣáná, ẹ jẹ́ kí imí ọjọ́ orí ẹ̀ jó tán ná. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè ọwọ́ iná, kí iná má kàn án, ẹ máa yí i bí ẹni ń sun àgbàdo títí etí ẹ̀ yípo fi pọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan ti tó láti fà á. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọlọ́jà Sábó, ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ kọ́ ni agbára. Èyí tó dúdú, ó dúdú nítorí pé wọ́n jẹ́ kí ewé ìta ẹ̀ gbó dáadáa, wọ́n sì fi í sínú ooru pẹ́, ó sì máa ń dùn ju èyí tó pọ́n lọ. Inú ni agbára ti ń wá. Ewé òkè igi tábà tí oòrùn ń pa jù, tí àwọn elédè Spanish ń pè ní ligero, ló lágbára. Ti àárín ń mú òórùn dídùn wá, ti ìsàlẹ̀ ń jẹ́ kó jó dáadáa. Bí wọ́n ṣe pò wọ́n lẹ ń tọ́ wò, kì í ṣe àwọ̀.

Ọmọ Ìgbógbó · Ọjọ́ Ajé, 6:15 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Mo ṣí páálí náà láàárọ̀ yìí. Bí mo ṣe tẹ̀ wọ́n ni wọ́n wọlé bíi búrẹ́dì tí omi kàn, wọn ò padà. Méjì ti hu irun funfun nídìí ẹsẹ̀. Ṣé wọ́n ti bàjẹ́ nìyẹn? Mo gbọ́ pé àwọn kan ń pe funfun yẹn ní àmì pé cigar ti gbó dáadáa.

Ọ̀dọ́ Ẹ̀pẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 7:02 àárọ̀

Irun tó dúró ṣánṣán ni àbí ìyẹ̀fun? Tó bá jẹ́ irun, ó ti bu nìyẹn. Ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ní àmì gbígbó ni. Níbi tó bá ti wà ní ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti wọ inú. Ẹ ju méjèèjì nù, ẹ yọ fóòmù yẹn kíá.

Bí mo ṣe ń tọ́jú tèmi ní Ẹ̀pẹ́ níbí nìyí, níbi tí iná máa ń lọ tó sì lè má dé fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò ra humidor onígi, ìyẹn àpótí ìtọ́jú cigar, owó ẹ̀ pọ̀, igi ẹ̀ náà sì máa ń wú. Kúlà ni mo lò, èyí tí a fi ń gbé omi dídì lọ síbi òde, ṣùgbọ́n tuntun ni, ẹja ò wọnú ẹ̀ rí. Mo fọ̀ ọ́, mo ṣí i sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí òórùn rọ́bà kúrò. Mo ki sáṣẹ́ẹ̀tì tó ń pa ọ̀rinrin mọ́ sí 65 sínú ẹ̀. Irú yẹn máa ń tu omi sílẹ̀ bí ibẹ̀ bá gbẹ, á sì fa omi padà bí ibẹ̀ bá tutù jù. Abẹ́ ibùsùn nínú yàrá tó tutù jù nílé ni kúlà náà ń gbé. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin wà nínú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má kàn gba ẹ̀rọ yẹn gbọ́. Ẹ bu iyọ̀ sínú ìdérí ìgò, ẹ ta omi díẹ̀ sí i kó dà bíi yanrìn tútù, kó má di omi. Ẹ gbé òun àti ẹ̀rọ náà sínú ike tó dé pinpin di ọjọ́ kejì. 75 ló yẹ kó kà. Tèmi ka 70, mo mọ̀ pé 5 ni mo gbọ́dọ̀ máa fi kún un.

Nǹkan kejì ni kòkòrò. Kòkòrò tábà kan wà, ó jọ èyí tó ń jẹ ẹ̀wà. Ẹyin ẹ̀ lè ti wà nínú ewé láti oko, tí ooru bá sì ń kọjá bíi 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kòkòrò á jáde nínú ẹyin. Ooru wa níbí máa ń kọjá ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́. Tẹ́ ẹ bá rí ihò róbótó bí ojú abẹ́rẹ́ lára cigar, òun ni.

Ọlọ́jà Sábó · Ọjọ́ Ajé, 7:30 àárọ̀

Ẹ kúkú kó wọn sínú fíríìjì, kó parí. Ibẹ̀ lèmi ń kó tèmi sí.

Ọ̀dọ́ Ẹ̀pẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 7:41 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, fíríìjì máa ń fa nǹkan gbẹ, òórùn ọbẹ̀ á sì wọ̀ ọ́. Firísà ni a fi ń pa kòkòrò, kì í sì í ṣe ibi ìtọ́jú. Wọ́n á di cigar náà sínú ọ̀rá ìlọ́po méjì, á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e sínú fíríìjì fún ọjọ́ kan kó tó jáde síta. Tó bá ti inú yìnyín jáde sínú ooru lẹ́ẹ̀kan náà, á là. Tí iná bá sì lọ ní àárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Kòkó · Ọjọ́ Ajé, 1:18 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ti sọ̀rọ̀ ìtọ́jú dáadáa, ṣùgbọ́n ọmọ yìí béèrè bí a ṣe ń dá ohun tó dáa mọ̀, ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ mi. Mo ti ń yẹ kòkó wò ní Ìjẹ̀bú-Òde láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge kí n tó wá fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ilé. Ọkọ mi ló ń fa cigar nígbà ayé ẹ̀, èmi ni mo máa ń bá a tọ́ ọ wò.

Nínú iṣẹ́ kòkó, 300 hóró la máa ń là sí méjì ká tó sọ pé ọjà ẹnìkan dáa. A ò lè fi hóró kan dájọ́ àpò. Ìyẹn ni pé ẹyọ kan ò lè jẹ́rìí fún páálí kan, ì báà dùn, ì báà korò. Ẹ tọ́ mẹ́ta wò, ó kéré tán, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wákàtí kan náà, lẹ́yìn irú oúnjẹ kan náà. Kì í ṣe lẹ́yìn ọbẹ̀ ata o. Ata á ti gba ahọ́n yín.

Ẹ bọ́ òrùka bébà lára ẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e fún yín láìsọ orúkọ. Ojú máa ń parọ́ fún ahọ́n. Tí ẹ bá ti mọ̀ pé olówó iyebíye ni, ẹnu yín ti gbà kó dùn kí iná tó kàn án.

Nǹkan mẹ́ta wà tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀. Agbára ni èyí tó ń mú yín lórí àti nínú. Ìwúwo ni bí èéfín ṣe ṣe lẹ́nu, ṣé ó fúyẹ́ bí omi ẹ̀kọ ni àbí ó ki bí ògì. Adùn ni ìkẹta. Cigar lè wúwo kó má lágbára. Ó lè lágbára kó má ládùn kankan. Ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbé èéfín jáde, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ gba imú kọjá. Díẹ̀ ni mo wí, ẹ má fà á wọnú àyà. Imú ló ń mọ adùn jù. Tí ẹ ò bá gbà, ẹ di imú yín kẹ́ ẹ jẹ àgbàdo sísun, ẹ wò ó bóyá ẹ̀ ẹ́ mọ̀ pé wọ́n sun ún.

Ohun tó ń dùn mí jù ni bí àwọn ọmọ wa ṣe ń ka ìwé òyìnbó, tí wọ́n á wá máa wá adùn èso tí wọn ò jẹ rí nínú èéfín. Ẹ pè é ní ohun tí ẹnu yín mọ̀. Mo ti rí kúlíkúlí nínú cigar rí. Mo ti rí iyèré, èyí tó máa ń ta ni lẹ́yìn ọ̀fun kì í ṣe lórí ahọ́n. Mo rí igi tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, awọ bàtà tuntun, ẹ̀pà yíyan tí wọn ò tíì gbo èèpo ẹ̀, ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ọkọ mi fẹ́ràn ọ̀kan tó máa ń parí sórí adùn ewúro tí wọ́n fọ̀ dáadáa, tó jẹ́ pé ìgbà tí kíkorò bá lọ tán ni dídùn á wọlé. Adùn ní ń gbẹ̀yìn ewúro, òótọ́ ni lára cigar náà.

Èmi máa ń fún un ní máàkì lórí 100: 15 fún ìrísí àti òórùn kó tó rí iná, 25 fún bó ṣe ń fà àti bó ṣe ń jó, 40 fún adùn, 20 fún ohun tó kù lẹ́nu lẹ́yìn tí èéfín ti lọ.

Alàgbà Ìpakodò · Ọjọ́ Ajé, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Mo fara mọ́ gbogbo ẹ̀ àfi máàkì. Cigar kì í dúró sójú kan kí ẹnìkan tó fún un ní 88. Ìdá kan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ lè jẹ́ igi àti ẹ̀pà, àárín á di kòkó, ìparí á ta bí iyèré. Ṣé ẹ máa fún gbogbo ẹ̀ ní iye kan ni? Èmi máa ń kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ìdá kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ò yí padà rárá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo mọ̀ pé wọn ò po ewé inú ẹ̀ dáadáa.

Ẹ tún wo eérú. Eérú tó gùn tí ò já fi hàn pé odindi ewé ni wọ́n ká sínú, kì í ṣe ewé gígé. Ṣùgbọ́n ẹ má fi gígùn eérú díje, ó máa já sórí aṣọ yín ni. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń jó ju èkejì lọ, ẹ fi iná kan ẹ̀gbẹ́ tó ń lọ́ra díẹ̀. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ẹjọ́ ẹni tó ká a, afẹ́fẹ́ lè fà á. Tó bá ṣe é títí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá Kòkó · Ọjọ́ Ajé, 5:12 ìrọ̀lẹ́

Mo gbà pé ẹ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àmọ́ ọmọ yìí fẹ́ yan ọ̀kan láàárín méjì tàbí mẹ́ta, owó sì wà ńbẹ̀. Tí kò bá sí iye, ẹni tó bá tọ́ wò kẹ́yìn ló máa wọlé. Máàkì mi dúró.

Ọ̀dọ́ Ẹ̀pẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Mo máa ń rún orógbó kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnu mi lè mọ́. Ó ń ràn mí lọ́wọ́.

Ìyá Kòkó · Ọjọ́ Ajé, 5:44 ìrọ̀lẹ́

Rárá o, ọmọ mi. Tẹ́ ẹ bá jẹ orógbó tàbí obì, tẹ́ ẹ wá mu omi, ṣé ẹ ò rí i pé omi á dùn bí ẹni fi ṣúgà sí i? Gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé e ló máa dùn bẹ́ẹ̀, cigar tí ò dáa náà á dùn. Omi lásán àti búrẹ́dì tí a ò fi nǹkan kan sí ni a fi ń fọ ẹnu láti tọ́ nǹkan wò. Kọfí tàbí ọtí, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tẹ́ ẹ bá ti kọ èrò yín sílẹ̀ tán.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dé · Ọjọ́ Ajé, 9:26 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Inú mi ò dùn bí mo ṣe kà á dé ìsàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sọ èyí. Cigar kan tó tóbi lè ní tábà tó pọ̀ tó ti páálí sìgá odindi kan nínú. Òótọ́ ni pé a kì í fà á wọnú àyà, ṣùgbọ́n awọ inú ẹnu ń gba nikotíìnì ẹ̀ sára, ìdí nìyẹn tí òòyì fi kọ́ Ọmọ Ìgbógbó. Ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu, ọ̀fun, ọ̀nà oúnjẹ àti ẹ̀dọ̀fóró. Kò sí ìwọ̀n kan tí a lè pè ní èyí tí ò léwu.

Àwọn àgbà tó ti tó bí ẹni 70 ọdún lẹ fẹ́ gbé e fún. Mélòó nínú wọn ló ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Nikotíìnì ń mú ẹ̀jẹ̀ ru sókè, ó ń mú ọkàn sáré. Ẹ má pín in káàkiri bí ẹ ṣe ń pín aṣọ ẹbí. Ẹ bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ò bá fẹ́, ẹ má rọ̀ ọ́. Kó jẹ́ ìta gbangba, kó jìnnà sí àwọn ọmọdé àti aláboyún. Òfin tábà ti 2015 ò sì gbà kí a tà á fún ẹni tí ò tíì pé ọdún 18, kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Alàgbà Ìpakodò · Ọjọ́ Ajé, 9:58 alẹ́

Ọmọ mi, ẹ ṣeun. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni. Èmi náà ti dín in kù sí ẹyọ kan lóṣù láti ìgbà tí dókítà ti bá mi sọ ọ́, ó sì yẹ kí n ti sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́. Ọmọ Ìgbógbó, ẹ ṣe bí nọ́ọ̀sì ti wí.

Àgbádárìgì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:10 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ Kúbà ló fà mí wọlé. Mo máa ń mú àlejò rìn láti ọjà Vlekete, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrú láyé àtijọ́, dé Ibodè Àìpadàbọ̀ ní erékùṣù Gberefu, Àgbádárìgì, mo sì máa ń sọ ìtàn yìí fún wọn. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú dé Kúbà, Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́hùn-ún. Títí dòní, ẹni tó bá ń bọ Elegguá, Ẹlẹ́gbára wa náà ni, máa ń fẹ́ èéfín cigar sójú ojúbọ ẹ̀, wọ́n sì ń fún Ògún náà. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe lè gbọ́ orúkọ cigar Kúbà kí ọkàn mi má lọ síbẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò ní fi ìyẹn sọ pé ti Kúbà nìkan ló dáa. Ilẹ̀ Vuelta Abajo ní Pinar del Río, ní Kúbà, dáa fún tábà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìjọba yí padà ní Kúbà ní 1959, tí Amẹ́ríkà sì ti ọjà wọn pa ní 1962, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kó lọ sí Dominican Republic, Nicaragua àti Honduras, irúgbìn Kúbà sì dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ká ti ẹ̀gbọ́n yín lè jẹ́ ọmọ ọmọ ẹni tó ń ká a ní Havana. Ewé ìta tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá sì ń wá kiri, ọ̀kan wà tó ń ti Cameroon wá, ẹnu ọ̀nà wa níbí. Ó fẹ́lẹ́, ó ní kókó kéékèèké lára bí ara ẹni tí òtútù mú, ó dùn, ó sì máa ń ta bí iyèré.

Ohun kan tí mo fẹ́ràn: ní 1865 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹni tó ń kàwé sókè sínú ilé iṣẹ́ cigar ní Havana. Wọ́n á jókòó sórí àga gíga, wọ́n á máa ka ìwé ìròyìn àti ìtàn fún àwọn tó ń ká ewé.

Ọlọ́jà Sábó, ẹ dákun, ẹ yẹ àpótí onígíláàsì yẹn wò. Cohiba kì í wá nínú àpótí tí ìdérí ẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Àpótí Kúbà tòótọ́ ní èdìdì ìjọba aláwọ̀ ewé àti funfun lára, ẹ yí i padà, "Hecho en Cuba" (Kúbà ni wọ́n ti ṣe é) àti "Totalmente a mano" (ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi ṣe é) á wà nísàlẹ̀ ẹ̀, pẹ̀lú oṣù àti ọdún tí wọ́n dì í.

Ọlọ́jà Sábó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:35 ọ̀sán

Mo yí i padà. Kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀ ẹ̀. Mo fi abẹ la ọ̀kan, ewé gígé ló wà nínú ẹ̀, ó ń dà sílẹ̀ bí èérún búrẹ́dì. Ẹni tó tà á fún mi búra fún mi. Mo ti gbé e kúrò lórí káńtà, mi ò ní tà á fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣeun, mi ò bá ti tà á fún ọmọ yìí láti lọ gbé fún àwọn àgbà.

Ọmọ Ìgbógbó, mo ní ti Nicaragua tó ṣì wà nínú ọ̀rá, ẹni tí mo fọkàn tán ló kó o wá. Ẹ wá gba méjì lọ́fẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ fi wé tiyín.

Ọmọ Ìgbógbó · ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àìkú, 7:50 alẹ́

Mo ṣe gbogbo ẹ̀. Mo ju méjì tó bu nù, mo kó mẹ́fà tó kù sínú kúlà bí Ọ̀dọ́ Ẹ̀pẹ́ ṣe wí, mo sì fi ti Sábó méjì náà síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ń ka 74, ó bọ̀ sí 70, ó wá dúró sí 66. Mo tẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n wọlé díẹ̀, wọ́n sì padà.

Lánàá ni mo jókòó ti ọ̀rẹ́ bàbá ìyàwó mi kan tí kò lo oògùn kankan, lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé. A jẹ ẹ̀bà ní aago méjì, aago márùn-ún la bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi bọ́ òrùka bébà lára cigar tèmi àti ti Sábó, ó fi okùn pupa so ọ̀kan, ó fi funfun so èkejì, kò sọ èyí tó jẹ́ èwo.

Onípupa: tí mo fà á láìtanná, igi tuntun ni mo rí. Nígbà tó jó dé bí ìka méjì, iyèré ló bá mi, lẹ́yìn ọ̀fun gẹ́gẹ́ bí Ìyá Kòkó ṣe wí. Ó wúwo, ó sì mú mi lórí díẹ̀. Eérú ẹ̀ já nígbà tó gùn tó àtàǹpàkò mi. Mo fún un ní 78.

Onífunfun ò ní agbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀pà yíyan ló bẹ̀rẹ̀ sí, mo sì rò pé ibẹ̀ ló máa dúró sí. Àfi ìgbà tó dé àárín ni òórùn kòkó yẹn dé, tí mo rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sì lọ mọ́ títí dé ìparí. Èéfín tutù. Ẹ̀ẹ̀kan ló jó lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi iná kàn án, ó tò. Bàbá náà ò sọ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n kàn di ojú wọn. Mo fún un ní 86, wọ́n fún un ní 90.

Ìyàwó mi wá ṣí ìwé tó kọ. Onífunfun ni ti Dominican, ọmọ ìyá èyí tí mo sọ nù.

Mo bi àwọn àgbà náà léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún ló ní àwọn á fà á, méje ní rárá. Páálí kan ṣoṣo ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi rà.

Ìyá Kòkó · Ọjọ́ Àìkú, 8:31 alẹ́

Ẹ kú orí ire. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ fà á tán, báwo lẹ ṣe pa iná ẹ̀?

Ọmọ Ìgbógbó · Ọjọ́ Àìkú, 8:36 alẹ́

A ò pa á, Mà. Bàbá ní kí n má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, pé á rùn. A gbé méjèèjì sínú àwo eérú, a sì ń sọ̀rọ̀ lọ títí wọ́n fi kú fúnra wọn.